Kì í ṣe ayé ló ṣe é: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta tí ọtí tàbí oògùn bá dá lára

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gba bàbá náà sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ìpá ló fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn ń bò ó, a ní ìrora egbò ni. Ní òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí aago méjì, ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń lé ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kan ò sí ní wọ́ọ̀dù. Ó ń pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ní kí n sáré kó láfún kúrò lórí àpáta kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán. Ó fa omi tí a fi sí i lọ́wọ́ já, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹbí ti dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ti mọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń fà ní Arówómọlé ni. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n máa gbé e lọ sórí òkè àdúrà, wòlíì kan ti ń retí wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ ń bi wá bóyá abẹ́rẹ́ tí dókítà fi kùn ún lóorun kò ti gba orí rẹ̀. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò ní ohun tí n ó sọ. Wọ́n gbé e lọ. A kọ ọ́ sínú fáìlì pé wọ́n gbé e lọ lòdì sí ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn wo? Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n nímọ̀ràn kankan, torí àwa gan-an kò mọ ohun tó ń ṣe é.

Ohun tó ń ṣe é ní àkókò tó máa ń dé, bí ọjọ́ ọjà. Ó sì ní ìtọ́jú. Ọtí ló dá lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Èkíní ni kí nǹkan máa pa èèyàn: ó mu ún, ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ó ń ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún tàbí ó sùn lọ fọnfọn. Èkejì ni bárakú: ara ti mọ̀ ọ́n débi pé kò lè ṣe láìsí i. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a kò ní orúkọ gidi fún lédè wa, ìyà tó ń jẹ ara nígbà tí ohun tó ti mọ́ ọn lára bá dá lójijì. Àwọn tó ń lò ó máa ń ní “ara ń bèèrè”. Orúkọ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, òun ni n ó máa lò. Yíyó ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù torí ariwo rẹ̀. Ara-ń-bèèrè ni àwa nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù, pàápàá ti ọtí, torí lásìkò tó máa fi dé, ẹnu onítọ̀hún kì í rùn mọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò rántí ọtí.

Ẹ fojú inú wo ilẹ̀kùn kan tí ẹni méjì ń tì, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú. Ọtí ló wà níta, ó ń ti ọpọlọ síhà oorun àti ìfararọ. Ọpọlọ kò fẹ́ sùn lọ pátápátá, òun náà ń tì í padà láti inú. Bí ọtí bá ṣe ń tì lójoojúmọ́ ni ọpọlọ á máa fi kún agbára tirẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè dúró lójú kan. Ìdí nìyí tí ife kan tó ń pa á lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn kò fi ràn án mọ́, tó fi di mẹ́rin. Wàyí o, ẹni tó wà níta kúrò lójijì. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára tì láti inú, báwo ni yóò ṣe ṣe é? Á já jáde, á dojú bolẹ̀. Ìgbọ̀nwárìrì, òógùn, àìsùn, gìrì, rírí ewúrẹ́ tí kò sí, ìjájáde yẹn ni gbogbo wọn.

Tí ẹ bá ti di ìtàn ilẹ̀kùn yìí mú, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, torí ohun tí oògùn bá ń ṣe fún ara, òdìkejì rẹ̀ ni ara-ń-bèèrè máa ṣe. Tramadol àti codeine, oògùn ìrora àti ti ikọ́ tí àwọn kan sọ di bárakú, máa ń dá ìgbẹ́ dúró, wọ́n ń mú ọmọlójú, ihò dúdú àárín ẹyinjú, kéré bí orí abẹ́rẹ́, wọ́n ń mú èèyàn tòògbé. Nígbà tí wọ́n bá dá, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ọmọlójú á fẹ̀, oorun á sá. Èyí tí wọ́n ń pè ní ice, ìyẹn methamphetamine, máa ń lé oorun lọ fún ọjọ́ bí mélòó kan, bó bá dá, onítọ̀hún á sùn bí òkú, á jí pẹ̀lú ebi àti ìbànújẹ́ tó wúwo.

Omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ àbí ọtí?

“Ṣé ẹ máa ń mutí?” Ìbéèrè tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn, òun ló sì wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ lọ bi àwọn awakọ̀ ní Tákíè, kí ẹ wo iye wọn tí yóò ní “bẹ́ẹ̀ ni”. Díákónì lẹlòmíràn, àlùfáà lẹlòmíràn, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò purọ́. Ọtí lọ́tọ̀, àgbo lọ́tọ̀ lójú tiwọn. Ẹni tó ń mu àgbo jẹ̀dí àti opa ẹ̀yìn tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ife kékeré kan láàárọ̀ kó tó wa ọkọ̀ jáde, òmíràn lọ́sàn-án, méjì lálẹ́, yóò wò ọ́ lójú pé ọtí kì í kan òun lẹ́nu, yóò sì fi Ọlọ́run jẹ́rìí. Àgbo ló ń mu. Ara ló ń tọ́jú.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n yí ìbéèrè mi padà. Ohun tí mò ń bi wọ́n báyìí ni: “Bàbá, àgbo wo lẹ ń mu láàárọ̀? Omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ àbí ọtí?” Lẹ́yìn náà: “Ìgbà wo lẹ mu ún gbẹ̀yìn? Tí ẹ kò bá rí i mu títí di ọ̀sán, ṣé ọwọ́ yín máa ń gbọ̀n?” Ìkẹyìn yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀, tó sì ń dúró lẹ́yìn ife àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ti ń bèèrè kó tó fẹsẹ̀ kan ilé ìwòsàn. Mo máa ń bi wọ́n láìfajúro, bí ẹni ń bèèrè irú ọbẹ̀ tí wọ́n jẹ. Kí la fẹ́ fi bínú sí? Ìlú wa yìí gan-an, ìtàn sọ pé ọtí ni ìyàwó Ògúnlọlá, ẹni tó tẹ ìlú náà dó, ń tà níbi tí àwọn ará ìbẹ̀rẹ̀ ti ń pàdé.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ìgbọ̀n á bẹ̀rẹ̀, èébì á máa gbé e, àyà á máa lù kìkì, oorun á dá. Gìrì lè dé láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì bíi ti wárápá lára ẹni tí wárápá kò ṣe rí. Láti wákàtí 48 sí 96 ni èyí tó le jù máa ń dé bá àwọn díẹ̀ nínú wọn: orí á dàrú, ejò á máa wọ́ lára ògiri, kòkòrò á máa rìn lára wọn, ara á gbóná, ìfúnpá á fò sókè. Àwọn dókítà ń pè é ní delirium tremens. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mutí ló ń bá, àmọ́ ẹni tó bá bá tí a kò tọ́jú rẹ̀, ó lè pa á. Ẹ wá ka ọjọ́ awakọ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ pé aago mẹ́jọ àárọ̀ Ajé ló mu ife ìkẹyìn rẹ̀, wákàtí 66 gééré ló ti lò nígbà tí ewúrẹ́ wọlé.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọlé lónìí, mo máa ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó ya àwọn ìka rẹ̀. Tí ojú mi kò bá rí ìgbọ̀n, mo máa fi orí ìka mi kan orí ìka tirẹ̀ pẹ́pẹ́. Ọwọ́ máa ń gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Ó dà bí ìgbà tí eṣinṣin bá há sínú páálí. Mo máa wo iwájú orí rẹ̀ bóyá òógùn wà níbẹ̀. Mo máa bi í pé ọjọ́ wo la wà, ibo la wà. Ìwé ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní CIWA, nǹkan 10 ló ń wò, à ń fi máàkì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 67 lọ. Bí máàkì kò bá tó 8, ìtọ́jú pẹ̀lẹ́ àti omi sábà máa ń tó. Bó bá ń gòkè, dókítà á kọ diazepam, oògùn oorun kan, tàbí èyí tó bá a tan. Àwọn ẹbí máa ń bínú síyẹn: “Ẹ ní kó fi oògùn sílẹ̀, ẹ tún ń fún un lóògùn?” Ilẹ̀kùn yẹn náà ni. Diazepam á dúró sí ipò tí ọtí ti kúrò, á máa bá a ti ilẹ̀kùn, a ó wá máa dín in kù lójoojúmọ́ kí ẹni tó wà nínú lè dẹwọ́ láìṣubú. Ọjọ́ mélòó kan péré ni, kì í ṣe oṣù.

Ibi tí nọ́ọ̀sì ti wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó ń padà wá. Dókítà lè kọ oògùn kó lọ sí tíátà. Èmi ni n ó tún ṣírò máàkì lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, tí n ó ka èémí rẹ̀ kí n tó fún un ní òmíràn, torí oògùn tó ń dá gìrì dúró lè dá èémí dúró pẹ̀lú bó bá pọ̀ jù.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń fa omi sí ara wọn lára nílé gbọ́. Ẹni tó ti ń fi ọtí ṣe oúnjẹ tipẹ́, fítámì B1 ti tán lára rẹ̀. Fítámì yìí ni ara fi ń lo ṣúgà. Bí ẹ bá kàn da glukóòsì sí i lára lásán, díẹ̀ tó kù á tán sídìí ṣúgà náà, ọpọlọ á sì fara gbá a: ojú á máa jó, ìrìn á dàrú, ìrántí òmíràn a sì lọ tí kò ní padà mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń gún abẹ́rẹ́ thiamine, ìyẹn fítámì B1 náà, ṣáájú omi oníṣúgà. Bó bá jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tán, a ó fún un ní méjèèjì pọ̀ láìfi falẹ̀.

Iná ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹbí ló máa ń pa iná kí ó lè sinmi. Ẹ má pa á. Òjìji aṣọ lára ògiri ló ń di ejò. Yàrá tó dákẹ́, tí iná wà, tí ẹnì kan náà ń wọlé, tí kì í ṣe gbogbo àwọn ará àdúgbò, òun ló ń tù wọ́n lára. Ẹ má bá a jà lórí ewúrẹ́ rẹ̀, ẹ má sì bá a lé ewúrẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni: “N kò rí ewúrẹ́ níbí o, bàbá, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà yín. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìwòsàn la wà. Aago méjì òru ni, mo wà lọ́dọ̀ yín.” N ó tún un sọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àti lẹ́yìn ìyẹn. Ó máa ń sú mi, ó sì máa ń ṣiṣẹ́.

Okùn àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni èyí tí n kò lè fojú kéré. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná, tí àyà rẹ̀ ń sáré, tí ẹ bá tún so ó mọ́lẹ̀, yóò máa jà títí agbára yóò fi tán. Bó bá bì, kò lè yí ara rẹ̀ padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde ní ibùdó kan tí wọ́n ní àwọn ti ń tún èèyàn ṣe ní Ìbàdàn, wọ́n sì bá ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Àwọn òbí ló fẹsẹ̀ ara wọn mú ọ̀pọ̀ lọ síbẹ̀, torí wọ́n fẹ́ràn wọn.

Híhanrun kọ́ lèyí

Ọmọ ilé ìwé kan ni wọ́n gbé wá láti Under G, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH, ní ọjọ́ Àìkú kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní láti alẹ́ ni ó ti ń sùn, ó ń hanrun dáadáa, àwọn sì fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí ẹni mu yíǹkì. Mo gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, mo ń wo aago ara ògiri: èémí mẹ́rin ní ìdajì ìṣẹ́jú. Ìyẹn jẹ́ mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó wà ní àlàáfíà máa ń mí láàárín 12 sí 20. “Híhanrun” tí wọ́n ń gbọ́, ahọ́n ló ń ṣubú sẹ́yìn dí ọ̀nà ọ̀fun.

Tramadol ni. Oògùn ìrora gidi ni o, mo ti fún àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Àgbàlagbà kì í sábà kọjá 400 mílígíráàmù lóòjọ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ máa ń jẹ́ 225. Ẹ ṣírò ẹ̀: ẹni tó bá gbé méjì mì pọ̀ ti kọjá ti odidi ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó wá fi ọtí lé e, tàbí kó tó di pé wọ́n pò ó mọ́ codeine àti oògùn oorun nínú ohun tí wọ́n ń pè ní omi gọ́tà. Codeine inú oògùn ikọ́ olómi, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí ìgò rẹ̀. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 ní nínú 100 èèyàn ọmọ ọdún 15 sí 64 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bíi 23 ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, bẹ́ẹ̀ 14 àti díẹ̀ ni ti Nàìjíríà lápapọ̀. Kì í ṣe ọmọ ẹni kan ṣoṣo.

Nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ ló ń jẹ́ ká mọ̀: kò ṣeé jí, ọmọlójú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, èémí rẹ̀ ń falẹ̀. Naloxone ni abẹ́rẹ́ tó ń lé irú oògùn yìí kúrò ní ipò rẹ̀, ó sì máa ń yani lẹ́nu: láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ọmọ náà lè lajú kó máa bèèrè bàtà rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà nọ́ọ̀sì àti ẹbí ti ń bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n á ní ó ti yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé. Naloxone kì í pẹ́ lára, ìṣẹ́jú 30 sí 90 ló ń lò. Tramadol ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá tán nígbà tí oògùn kò tíì tán, onítọ̀hún á tún sùn padà, lọ́tẹ̀ yìí nínú kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà ilé. Tramadol tún ní àrékérekè kan: bó bá pọ̀ jù, ó lè dá gìrì sílẹ̀, naloxone kò sì lè gbé gbogbo ìyẹn kúrò. A kì í tú u sílẹ̀ ní kíákíá.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa kò pọ̀, àmọ́ ó tó láti gba ẹ̀mí là. Ẹ pè é, ẹ gbọ̀n ọ́n léjìká, ẹ fi ìkúùkù ra àárín àyà rẹ̀ kí ó dùn ún. Bó bá ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ da síhà ilẹ̀, kí èébì lè jáde. Ẹ má dá a fi sílẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, omi iyọ̀, òrom̀bó wẹ́wẹ́, tàbí ìtọ̀ màlúù. Ẹni tí kò jí kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ti ìtọ̀ màlúù tún burú sí i, torí ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹ má da omi tútù sí i lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi ọ̀kadà gbé e wá, kí ẹnì kan wà níwájú kí ẹnì kan wà lẹ́yìn, kí ọrùn rẹ̀ sì dorí kodò láàárín wọn. Ọ̀nà ọ̀fun ló ń dí kí wọ́n tó dé gééètì. Ẹ wá ọkọ̀ tó lè dùbúlẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí kan àwa òṣìṣẹ́ ìlera: ẹni tí ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀ lè forí gbá ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà sínú agbárí rẹ̀, àwa á ní “ọtí ló ń pa á, ẹ jẹ́ ó sùn ún tán”. Ó lè jẹ́ pé ṣúgà ló lọ sílẹ̀. Mo ti rí i kí wọ́n fi ọlọ́kadà sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́wàá alẹ́ nítorí òórùn ẹnu. Nísinsìnyí mo máa ń gún ìka fún ṣúgà, mo sì máa ń fọwọ́ wá orí kiri kí n tó gbà pé ẹnikẹ́ni mutí yó.

Ara-ń-bèèrè ti tramadol àti codeine yàtọ̀ sí ti ọtí. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 8 sí 24, á le jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, á sì máa rọ̀ títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Yíyán léraléra, ikun imú, omijé, awọ ara tó yọ wóró-wóró bíi ti adìẹ tí wọ́n tu níhùúhù, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, egungun tó ń ro. Kò sábà pa àgbàlagbà tó lágbára, bí a bá ń dá omi ara rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìyà ni, ìyà tí ó lè mú ọmọ gidi jí owó ìyá rẹ̀. À ń fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, ti ìrora, àti nígbà mìíràn clonidine, tí a gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá kí a tó fún un torí ó máa ń fà á wálẹ̀.

Ibi tí ó ti ń pa jù ni ẹ̀yìn ìgbà tó ti yá. Ọmọ lọ sórí òkè àdúrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò kan oògùn, gbogbo ilé ń yọ̀. Ara rẹ̀ ti gbàgbé; ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn láti inú ti lọ jókòó. Ó padà délé, ó rí àwọn ọ̀rẹ́, ó lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Òkú òwúrọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn. Ẹ bá a sọ ọ́ tẹnu sẹ́nu kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, kódà bí ẹ bá rò pé ó dà bí ẹni ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa lò ó. Èmi máa ń sọ ọ́.

Ìyókù ò gùn. Igbó máa ń dá àìsùn, ìbínú àti àìlejẹun sílẹ̀ bó bá dá, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni, suuru ló ń fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní colorado, ewé tí wọ́n fín kẹ́míkà sí, kì í ṣe igbó, ẹ má fi wé e, ó lè mú gìrì àti wèrè wá lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ice dá lára rẹ̀, oorun ni kí ẹ jẹ́ kó sùn, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ nítorí ìbànújẹ́, kó má baà pa ara rẹ̀. Oògùn oorun bíi diazepam àti Lexotan, ẹ̀gbọ́n ọtí ni: ilẹ̀kùn kan náà ló ń tì, gìrì kan náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé. Ìyá àgbà tó ti ń lò ó lóru fún ọdún márùn-ún, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìyá ọmọ Under G yẹn dé láti ìlú míràn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. “Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má pe ọlọ́pàá.” Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ìtọ́jú ni tiwa, ohun tí aláìsàn bá sọ fún mi, ìtọ́jú rẹ̀ ni mò ń fi í ṣe. Mo ní kó padà lọ sí yàrá ọmọ náà, kó wo abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, kó kó gbogbo páálí oògùn tó bá rí wá fún mi, kó má da ọ̀kan nù. Páálí lásán ń sọ fún wa nínú ìṣẹ́jú kan ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó mú un wá nínú ọ̀rá búrẹ́dì. Lẹ́yìn tí ewu kọjá, a kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, tó ti wà láti ọdún 1954, torí mímú oògùn kúrò lára kò tíì kan bárakú fúnra rẹ̀. Àwọn tí kò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè pe nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, gbé kalẹ̀ fún ìrànwọ́, 080010203040.

Ní ọdún tó kọjá, bàbá àgbẹ̀ kan wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán. Mo béèrè àgbo rẹ̀. Ó ní omi ni. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó fa ìgò Ragolis kan jáde láti ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Egbò igi kún inú rẹ̀, omi rẹ̀ pupa bí tíì. Mo ṣí i. Kò tíì dé imú mi tí ojú mi ti ń ta. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà, a gún un ní thiamine, a tan iná sílẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹta ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló ń kọrin lẹ́yìn fèrèsé, mo ní kò sẹ́nìkan, ó ní “ó dáa”, ó sì sùn. Máàkì rẹ̀ kò kọjá 14.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó pè mí sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọ̀nà bóyá ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀. “Sístà, tí n bá ní kí wọ́n fi omi rẹ ẹ́ ńkọ́?”

Mo ní kí ó jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ná.